EWÉ ILÉ, EWÉ OKO: Ewé Akíntọ́lá ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, kì í dá tẹ́tánọ́ọ̀sì dúró

Kò sí ẹ̀yìnkùlé, kò sí etí ọ̀nà, kò sí ilẹ̀ tí wọ́n rà tí wọn ò tí ì kọ́lé sí, tí ewé yìí ò sí níbẹ̀. Bí wọ́n gé e lónìí, kò ní pẹ́ tí á tún fi hù. Àwọn kan ń pè é ní ewé Akíntọ́lá, àwọn mìíràn ní ewé Awólọ́wọ̀ ni. Ìjà àwọn aṣáájú méjèèjì le ní 1962. Akíntọ́lá kú ní 1966, Awólọ́wọ̀ kú ní 1987, ṣùgbọ́n ewé ò mọ ìyẹn, ó ń hù lọ ní tirẹ̀.

Ẹni tí ò bá dá a mọ̀, kó já a, kó fọwọ́ ra á. Òórùn rẹ̀ á ta síni nímú. Ewé náà rí ṣóńṣó lórí, etí rẹ̀ dà bí eyín ayùn, iṣan mẹ́ta sì là á láti ìdí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń yọ òdòdó, èso rẹ̀ á wá máa fò kiri bí òwú.

Kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ o. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀ wá. Ìparí àwọn ọdún 1930 ló wọ Nàìjíríà, àárín èso igi Gmelina tí wọ́n kó wá láti Sri Lanka, tí wọ́n ń pè ní Ceylon nígbà náà, ló fara pamọ́ sí. Àgbẹ̀ kì í fẹ́ rí i sójú. Ó ń fún ẹ̀gẹ́ pa lóko, bó bá gbẹ iná á ràn án kíá, tata tó ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́ sì fẹ́ràn òdòdó rẹ̀ púpọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí àgbẹ̀ ń bú ni káfíńtà ń yìn. Bí ayùn bá ya ọ̀gá lọ́wọ́, ọmọ iṣẹ́ á sáré lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, á já ewé, á fọwọ́ ra á, á fún oje rẹ̀ sójú egbò. Ẹ̀jẹ̀ á sì dá. Kì í ṣe àlá, kì í ṣe ìtàn. Oje ewé yìí ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ sún kì, ó sì ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ní Vietnam, àwọn dókítà ti lò ó fún egbò àti fún ẹni tí iná jó.

Ibi tó ti ń di wàhálà nìyí: bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dá, ọ̀pọ̀ èèyàn á ní ọ̀rọ̀ ti parí. Kò parí. Kòkòrò àìsàn tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbé inú erùpẹ̀, inú eruku àti ìgbẹ́ ẹran. Kò fẹ́ afẹ́fẹ́; egbò tó jìn, tí wọ́n dí pa, ló ń wá. Ó lè fi ọjọ́ 3 sí 21 ba síbẹ̀. Egbò á ti fẹ́ jiná, kí ẹnu tó bẹ̀rẹ̀ sí í dì, kí ọrùn àti ẹ̀yìn tó gan. Nígbà yẹn, ẹ̀mí ló kù tí wọ́n ń dù.

Nítorí náà, ẹ fi omi mímọ́ àti ọṣẹ fọ egbò ná. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 10. Bó bá jẹ́ pé ewé lẹ máa lò, ẹ má já èyí tó wà létí gọ́tà, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fọ ọwọ́ yín. Ẹ má rún un lẹ́nu tu sójú egbò. Egbò tó bá jìn, tàbí ibi tí ìṣó gún, ẹ má fi ewé dí i rárá, ilé ìwòsàn ni. Abẹ́rẹ́ tí èèyàn gbà ní kékeré kì í ṣiṣẹ́ títí ayé: àgbàlagbà gbọ́dọ̀ máa tún un gbà ní ọdún 10, 10. Bí egbò bá jìn tàbí tó dọ̀tí, tí ti tẹ́lẹ̀ sì ti lé lọ́dún 5, kó tún un gbà.

Ẹ̀yin ìyá ọmọ àti ìyá àgbà, ìwọ́ ọmọ tuntun kì í ṣe ojú egbò káfíńtà. Ẹ má fi ewé kankan sí i. Ọmọ tí tẹ́tánọ́ọ̀sì bá mú, tó ti ń mu ọmú dáadáa tẹ́lẹ̀, ẹnu rẹ̀ á dì, kò ní lè mu ún mọ́. Abẹ́rẹ́ tí aláboyún bá gbà ló ń dáàbò bo ọmọ inú rẹ̀.

Àwọn kan tún ń sè é mu fún ibà àti inú rírun. Ìyẹn ò dáa. Ohun tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ wà nínú rẹ̀, pàápàá nínú òdòdó àti gbòǹgbò. Kí aláboyún àti ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú má tilẹ̀ tọ́ ọ wò.

Ewé ń hù lẹ́yìnkùlé lọ́fẹ̀ẹ́, abẹ́rẹ́ wà nílé ìwòsàn. Kálukú ló ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó bá ti rí ẹ̀jẹ̀ dá, kó má ṣe jókòó, kó kọjá sí ibi abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an.