Òṣùwọ̀n Elékèé Ń Lé Ọmọ Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Lọ

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ gbọ́ ná. Bí wọ́n bá gbé ẹja kan náà sórí òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀mejì l'Ọ́jà Ọba, l'Óṣogbo, tó ní kílò 2 lẹ́ẹ̀kíní, tó wá ní kílò 1 àbọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ta lẹ máa dá lẹ́bi? Ẹni tó mọ ọjà á ní kí wọ́n gbé òṣùwọ̀n mìíràn wá. Àlejò ni yóò máa bẹ̀bẹ̀ pé òun ò bu ẹja jẹ.

Ohun tó ń bá àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà nìyí. Àwọn iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan wà tí gbogbo ayé lè yẹ̀ wò, kí wọ́n sì bá wọn tún ṣe. Open source ni wọ́n ń pè é. Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní Finland lọ́dún 1991, wà lára wọn. Bí fóònù yín bá jẹ́ Android, Linux wà nínú ẹ̀. Àwọn ọmọ wa náà ò gbẹ́yìn: lọ́dún 2018 ni wọ́n dá Open Source Community Africa sílẹ̀.

Bí ọmọ tuntun bá mú iṣẹ́ wá, ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ń wo ìmọ́tótó iṣẹ́ náà, bí ọ̀gá télọ̀ ṣe ń yí aṣọ sódì láti wo ojú rírán. Èyí dáa, torí ó máa ń tọ́ka síbi tí àṣìṣe wà. Lẹ́yìn náà ló ń dán an wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni wàhálà wà o! Ìdánwò mìíràn á ní iṣẹ́ yege láàárọ̀, á ní ó kùnà lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Ó lè jẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ló falẹ̀, tàbí kí ìdánwò méjì máa dí ara wọn lọ́wọ́.

Àwọn ńlá pàápàá ò yọ sílẹ̀. Lọ́dún 2016, Google sọ pé nínú 100 ìdánwò àwọn, bíi 16 ló ń ṣe ségesège bẹ́ẹ̀.

Àgbà iṣẹ́ á kàn ní, "Ẹ tún un dán wò, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Ọmọ tuntun ò mọ̀. Á máa tú iṣẹ́ tó dáa palẹ̀, á máa tún un tò, títí á fi ní orí òun ò gbé e, á sì bá tirẹ̀ lọ. Àgbà náà ò jèrè, torí ó ti mọ́ ọn lára láti má ka ariwo ẹ̀rọ sí. Ajá tó ń gbó òjìji, lọ́jọ́ tí olè bá dé, onílé ò ní jí.

Kí ni ṣíṣe? Ìwọ ọmọ, ka ohun tí ẹ̀rọ kọ. Dán iṣẹ́ wọn tí o ò tíì fọwọ́ kàn wò; bóun náà bá ń kùnà, ó ṣeé ṣe kó má jẹ̀bi rẹ. Má tijú, béèrè.

Ẹ̀yin ọ̀gá, kì í ṣe pé kẹ́ ẹ má yẹ iṣẹ́ wò mọ́ o. Aṣọ tí ọ̀gá ò yẹ̀ wò, lójú agbo ló ń tú. Àmọ́ ẹ kọ orúkọ àwọn ìdánwò tó ń ṣàìsàn síbi tọ́mọ tuntun á ti rí i, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ sì tètè wò wọ́n sàn.