Géètì Kọ́ Ló Ń Sọ Ènìyàn Di Ọlọ́lá

«Ta lo mọ̀ níbẹ̀?» Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ní òun fẹ́ lọ rí oníléeṣẹ́ ńlá nìyẹn. Bí ọmọ náà bá ní òun ò mọ ẹnikẹ́ni, wọn á ní kó yáa jókòó sílé. Ìgbàgbọ́ kan ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfin láàárín wa: pé ẹni tí òwò rẹ̀ bá ti gbòòrò gbọ́dọ̀ ṣòro rí. Kí mẹ́gáádì kọ́kọ́ dá ọ dúró, kí akọ̀wé ní ọ̀gá ò ráyè, kí o jókòó títí ilẹ̀ á fi ṣú. Wọ́n ní ẹni tí tajá tẹran bá ń rí, ẹ̀rù rẹ̀ kì í bani mọ́, àti pé níbi tí ẹ̀rù bá ti tán, owó náà ò ní pẹ́ tán.

Irọ́ ni. Irọ́ tó ń pa àwọn ọmọ wa lára sì ni.

Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, ọmọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 12 fẹ́ to ẹ̀rọ kan fúnra rẹ̀, irú èyí tí ń ka iye ìgbà tí iná mànàmáná ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kò ní gbogbo ẹ̀yà rẹ̀. Ló bá ṣí ìwé nọ́ńbà tẹlifóònù, ó wá orúkọ Bill Hewlett, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá iléeṣẹ́ Hewlett-Packard sílẹ̀. Wọn ò mọra rí. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ilé ọkùnrin náà ní Palo Alto wà nínú ìwé gbangba bíi ti aráàlú yòókù, nígbà tí fóònù sì dún, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló gbé e. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbọ́ ọmọ náà lágbọ̀ọ́tán, ó fún un ní àwọn ẹ̀yà tó ń wá, ó sì tún fún un níṣẹ́ nígbà ọlidé, níbi tí wọ́n ti ń to irú ẹ̀rọ yẹn gan-an. Iṣẹ́ kí a máa de nọ́ọ̀tì mọ́ bóòtù ni. Steve Jobs lorúkọ ọmọ náà. Nígbà tó dàgbà tó sì lówó, ó ṣì ń sọ pé bí ẹni wọ ọ̀run ni iṣẹ́ yẹn rí lára òun.

Àwọn kan á ní Hewlett ti lówó tán nígbà yẹn, pé ìrẹ̀lẹ̀ ò ná an ní nǹkan kan. Kí wọ́n padà sí ọdún 1939. Inú gáréèjì kan ní Palo Alto ni òun àti David Packard ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú dọ́là 538. Packard àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé nínú ilé iwájú. Inú ahéré kan lẹ́yìnkùlé ni Hewlett ń sùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n wọn ní Stanford, Fred Terman, ló rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá tiwọn sílẹ̀, òun ló sì bá Packard wá owó ìrànwọ́ tó fi lè padà sí yunifásítì. Akẹ́kọ̀ọ́ tí àgbà gbà tọwọ́tẹsẹ̀ ni Hewlett jẹ́ kí òun náà tó di àgbà.

Ìtàn kan wà nínú ìwé The HP Way tí Packard gbé jáde ní 1995, tó yẹ kí gbogbo oníléeṣẹ́ kà lẹ́ẹ̀mejì. Hewlett wọ iléeṣẹ́ lọ́jọ́ ìsinmi kan, ó bá yàrá tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ sí ní títì pa. Ó já ìlẹ̀kùn náà, ó sì kọ ìwé sílẹ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ tì í mọ́. Lójú òun àti Packard, òṣìṣẹ́ tó mú ẹ̀yà ẹ̀rọ lọ sílé láti fi dánra wò, iṣẹ́ ló ń kọ́. Ọkùnrin tó já àgádágodo yàrá irinṣẹ́ ló fún ọmọ ọdún 12 ní ẹ̀yà ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́. Àánú ọjọ́ kan kọ́ nìyẹn. Bó ṣe ń ṣòwò nìyẹn.

Ǹjẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ gùn ún lórí nítorí rẹ̀? Ní 1970, nígbà tó jẹ́ olórí iléeṣẹ́, iṣẹ́ tí àwọn oníbàárà ń gbé wá dínkù débi pé òṣìṣẹ́ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá pọ̀ ju iṣẹ́ lọ. Hewlett ò lé wọn. Gbogbo wọn, àti ọ̀gá àti ọmọṣẹ́, ló fi ọjọ́ kan sílẹ̀ nínú ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá, owó ọjọ́ náà sì lọ. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ọjà tún dìde, àwọn ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ sì wà ní ìkàlẹ̀. Ta ló máa gbà kí owó òun dínkù fún ọ̀gá tí kò rí sójú rí?

A ò ní ìrẹ̀lẹ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn ṣàṣìṣe. Steve Wozniak, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ yìí kan náà, fi kọ̀ǹpútà tó ṣe lọ̀ wọ́n, wọn ò gbà á. Òun àti Jobs ló fi dá Apple sílẹ̀ ní 1976. A ò sì sọ pé ẹni tó le kò lè lówó. Jobs fúnra rẹ̀ le mọ́ àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, ìwé tí Walter Isaacson kọ nípa rẹ̀ ní 2011 ò fi pa mọ́. Ohun tí a ń bá jà ni ọ̀rọ̀ pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Ọkùnrin líle yìí gan-an ló sọ ní 1994 pé òun ò tíì rí ẹni tó kọ̀ láti ran òun lọ́wọ́ nígbà tí òun béèrè, pé bí àwọn mìíràn bá pe òun náà, òun ń gbìyànjú láti dá wọn lóhùn, kí òun lè san gbèsè ọpẹ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká sì wo ohun tí ọmọ náà béèrè. Kò tọrọ owó, kò sì ní kí wọ́n bá òun wá ipò. Ẹ̀yà ẹ̀rọ díẹ̀ ni, fún iṣẹ́ tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà lẹ́nu géètì ní Ìkẹjà àti ní Ìbàdàn lónìí, prójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà nínú báàgì, mẹ́gáádì sì ń bi í pé ta ló mọ̀ nínú ilé.