Èèyàn kò pọ̀, àbí ọ̀nà ni kò sí?

Sí Olóòtú,

Ẹni tó kọ̀wé sí yín pé kí ìjọba má náwó sí ọ̀nà àwọn abúlé ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá torí pé èèyàn ibẹ̀ kò tó nǹkan, ìkànìyàn wo ló gbójú lé? Ti 2006 ni ìkẹyìn ní Nàìjíríà. 109,449 ló kà ní ìjọba ìbílẹ̀ náà. Ọmọ tí wọ́n kà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nígbà yẹn ti ń bímọ báyìí.

Ó tún gbàgbé pé Ẹ̀gbá kì í ní ojúlé kan ṣoṣo. Láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830, àgbẹ̀ a ní abà lóko, a sì ní agboolé ní Aké, Gbágùúrà, Òkè-Ọnà tàbí Òwu. Ẹni tó ń dáko ní Opéjì ní Ọ̀dẹ̀dá lè jẹ́ ará ìgboro nínú ìwé.

Àwọn ọ̀dọ́ tó sì kúrò ńkọ́? Àìsí ọ̀nà wà lára ohun tó lé wọn. Ó wá fi àìsí wọn ṣe ẹ̀rí pé ọ̀nà kò yẹ àwọn abúlé náà!

Rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 2021 ní ibùdókọ̀ ní Olódò ní Ọ̀dẹ̀dá. Ó dára. Ṣùgbọ́n ọ̀kadà ló ń gbé èèyàn débẹ̀ láti inú oko, bí òjò bá sì rọ̀, iye tó wu ọlọ́kadà ló ń gbà.

A kò béèrè ọ̀dà. Kí wọ́n fi katapílà tún ojú ọ̀nà ṣe, kí wọ́n sì ṣe afárá sórí àwọn odò kéékèèké kí òjò tó dé.

Òǹkàwé yín,
Láfẹ́nwá, Abẹ́òkúta.