Ìrìn-àjò Agbodrafo kì í ṣe ti àlejò nìkan

Odò Mono ń ṣàn ní ìlà-oòrùn Atakpamé. Ó kọjá ní Nangbéto, ó gba igbó Togodo tí ìjọba ń dáàbò bò, kí ó tó wọ òkun. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ifẹ̀ tí ń mu omi rẹ̀ kò tíì rí ibi tí ó ń lọ.

Àwọn kan ń sọ pé àlejò láti òkè òkun ni irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ yẹ. Ọ̀rọ̀ náà kò tọ̀nà. Ní Agbodrafo, nítòsí Aného, ilé kan wà tí à ń pè ní Wood Home. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de òwò ẹrú ní ọdún 1807, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń ṣe é níkọ̀kọ̀ nínú ilé yìí. Abẹ́ ilẹ̀ ilé náà ni wọ́n ń kó ènìyàn pa mọ́ sí títí ọkọ̀ ojú omi yóò fi dé. Ibẹ̀ kò ga tó kí àgbàlagbà nàró. Láti òkè ilẹ̀ ni wọ́n ti ń kó wọn wá.

Lóòótọ́, owó ọkọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ń dá owó jọ fún ìnáwó òkú lè dá ti ọkọ̀ kan jọ lọ́dún, kí wọ́n sì yà wo Togodo lẹ́yìn náà.

Odò tó gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Ẹni tí kò mọ ibi tí wọ́n kó àwọn ènìyàn rẹ̀ gbà lọ, àlejò ni yóò máa sọ ìtàn rẹ̀ fún un.