Ìwé Ìwádìí Tí Ẹnikẹ́ni Kò Yẹ̀ Wò

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, ìwé àtìgbàdégbà Science ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà tẹ ìròyìn kan jáde tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Nàìjíríà kà kí wọ́n tó fi ìwé ìwádìí kankan ránṣẹ́ sí ibikíbi. Akọ̀ròyìn kan tí ó tún jẹ́ onímọ̀ ìjìnlẹ̀, John Bohannon, ni ó dẹ pàkúté. Ó hun ìwé ìwádìí èké kan, pé èròjà kan wà tí í ká àrùn jẹjẹrẹ lọ́wọ́ kò. Àròsọ ni orúkọ àwọn tí ó ní wọ́n kọ ọ́. Àròsọ sì ni ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ri àṣìṣe ńláńlá mọ́ inú rẹ̀. Inú ohun tí ọtí líle pọ̀ nínú rẹ̀ ni ó ní a po oògùn náà sí kí a tó dà á sórí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí a fẹ́ fi wé wọn kò rí ọtí rárá. Ta ni yóò wá mọ̀ bóyá oògùn ni ó ṣiṣẹ́ tàbí ọtí? Ó tún kọ ọ́ pé bí oògùn bá ti pọ̀ tó ni agbára rẹ̀ ń pọ̀ tó, nígbà tí àwòrán tí ó wà lókè ọ̀rọ̀ náà gan-an fi hàn pé díẹ̀ kò yàtọ̀ sí púpọ̀.

Ìwé àtìgbàdégbà 304 ni ó fi í ránṣẹ́ sí. Àwọn 157 gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Àwọn 98 péré ni ó kọ̀ ọ́. Nínú àwọn tí ó kù, àwọn kan ti kú láìsí ẹni tí ó sin wọ́n, àwọn mìíràn sì ní àwọn ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ yìí kò kan Nàìjíríà, kí ó lọ wo bí a ti ń gbé olùkọ́ ga ní ọ̀pọ̀ yunifásítì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì. “Mélòó ni ó tẹ̀ jáde?” ni ìbéèrè àkọ́kọ́. “Kí ni ó rí?” kì í sábà wáyé. Níbi tí òfin bá sì ti ní kí díẹ̀ nínú àwọn ìwé náà ti òkè òkun jáde, oníṣòwò tí ó mọ ohun tí oníbàárà ń wá kò ní í pẹ́ kọ “International” sí iwájú orúkọ ìwé tirẹ̀, ìbáà jẹ́ pé yàrá kan ṣoṣo ni gbogbo ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Yóò kọ lẹ́tà sí olùkọ́, yóò kì í ní ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà, yóò ní kí ó fi ìwé ránṣẹ́ lónìí kí ó lè jáde ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Owó nìkan ni ó kù. Olùkọ́ a sì tọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ lọ, a yá owó tí yóò fi ra ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní í kà.

Kì í ṣe owó gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ o. PLOS ONE ń gba owó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé, síbẹ̀ ó wà lára àwọn tí ó kọ ìwé èké Bohannon. Àìyẹ̀wò ni ẹ̀ṣẹ̀.

Àwọn kan a máa sọ pé ìwọ̀sí ni àyẹ̀wò jẹ́ fún ẹni tí ó ti mọ̀wé. Irú ìbínú bẹ́ẹ̀ mú Albert Einstein ní ọdún 1936. Òun àti Nathan Rosen kọ ìwé kan sí Physical Review, pé agbára tí í fa ohun gbogbo mọ́ra kì í rú ìgbì bí omi. Olóòtú fi í han onímọ̀ kan, ẹni náà sì fi ojú ìwé mẹ́wàá to àṣìṣe inú rẹ̀. Einstein fèsì pé òun kò fún wọn láṣẹ láti fi iṣẹ́ òun han ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ó gba ìwé rẹ̀ padà, ó gbé e lọ sí ibòmíràn ní Philadelphia. Ṣùgbọ́n kí ó tó jáde ní 1937, ojú rẹ̀ ti là sí àṣìṣe náà, ó sì ti yí ìparí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ní ọdún 2015 ni àwọn ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà wá rí ìgbì náà mú. Ẹni tí ó ń lànà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun ń wọ́. Bí ó bá lè rí bẹ́ẹ̀ fún Einstein, olùkọ́ wo ni yóò ní kò kan òun?

Ìwé tí ó níláárí kò ṣòro láti dá mọ̀. Ìbéèrè kan ni ó gbé dání, ó sì ní ohun tí ó fi wé ohun. Ní ọdún 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀: ọmọ tí ó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ǹjẹ́ yóò rẹ̀yìn sí ẹni tí ó bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta? Wọ́n kó ìhà méjèèjì jọ, wọ́n fi èkíní wé èkejì. Àwọn ọmọ Yorùbá ọdún mẹ́fà kò rẹ̀yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ọdún 1989 ni ìwé ńlá tí ó ròyìn iṣẹ́ náà tó jáde, títí di òní ni àwọn tí ń jiyàn lórí èdè ìkọ́ni sì ń tọ́ka sí i.

Kí olùkọ́ ka ẹ̀dà méjì tàbí mẹ́ta nínú ìwé àtìgbàdégbà tí ó ní lọ́kàn kí ó tó kọ ọ̀rọ̀ kan. Kí ó kọ̀wé sí ọ̀kan nínú àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìgbìmọ̀ olóòtú, kí ó bi í bóyá ó mọ̀ pé orúkọ òun wà níbẹ̀. Kí ó má fi ìwé kan náà ránṣẹ́ sí ibi méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí àríwísí bá dé, kí ó dáhùn rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Níbi tí olùyẹ̀wò bá ti ṣì í, kí ó sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rí.

Wọn yóò ní ọ̀nà yìí pẹ́. Ó pẹ́ lóòótọ́, ó sì lè gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí ẹni tí ó rà tirẹ̀ ti gòkè kọjá. Ẹjọ́ olùkọ́ nìkan kọ́ nìyẹn. Ìgbìmọ̀ ìgbéga ni ó ń ná ọjà yìí fún un. Kí ìgbìmọ̀ náà gba ìwé mẹ́ta péré lọ́wọ́ olùkọ́ kọ̀ọ̀kan, èyí tí òun fúnra rẹ̀ lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n kà wọ́n tán, kí wọ́n sì pè é wá dáhùn ìbéèrè lórí wọn.