Ìrànlọ́wọ́ Ìjọba Lórí Ìtọ́jú Ọmọ: Ẹ Má Jẹ́ Kí Ó Kọjá Yín

Nínú ojú ìwé yìí, a máa ń sọ̀rọ̀ lórí ohun tó ń jẹ ìdílé lọ́kàn. Ní Gowon Estate àti àgbègbè rẹ̀, ọ̀kan nínú ohun tó ń jẹ wá lọ́kàn jù lọ ni owó tí à ń ná lórí ọmọ kékeré kí bàbá àti ìyá tó lè ráyè ṣiṣẹ́.

Ẹni tó ń gbé àdúgbò yìí mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Ìyá tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀nà Ìsàlẹ̀ Èkó ní láti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ó tó lè rí ọkọ̀ wọ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìyànà-Ìpájà. Nígbà tí yóò bá fi padà, ilẹ̀ ti ṣú. Ta ni yóò mójú tó ọmọ? Ìyá àgbà wà nílé lọ́hùn-ún, kò sí nítòsí. Jẹ́lé-ó-sinmi aládàáni ń gba owó sáà, wọ́n ń gba owó oúnjẹ, wọ́n sì tún ń gba owó lórí ọmọ tí wọn kò bá tètè wá mú. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ owó ọkọ̀, nígbà mìíràn ohun tó ṣẹ́ kù nínú owó oṣù ìyá kò tó ra gààrí. Nítorí èyí, àwọn kan fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn mìíràn fi ọmọ ọdún mẹ́ta sọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, wọ́n sì ti àwọn méjèèjì mọ́lé. Ewu ńlá ni èyí. Iná kì í béèrè bóyá ìyá wà nílé.

Àwọn kan a máa sọ pé, "Ìjọba wo ló ń ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ní Nàìjíríà?" Òótọ́ ni pé a kò ní ètò tí ìjọba fi ń san owó jẹ́lé-ó-sinmi aládàáni fún òbí. Ṣùgbọ́n àwọn ìrànlọ́wọ́ kan wà nínú òfin tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò béèrè rí. Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí ẹ dì mú: ìrànlọ́wọ́ ìjọba kì í wá ẹni wá sílé. Ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀, tó ní ìwé lọ́wọ́, tó sì béèrè lásìkò, ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń tẹ̀ ẹ́.

Ẹ rántí ìyá Mósè. Ọmọbìnrin Fáráò ló san owó ọ̀yà fún un kí ó lè fún ọmọ bíbí inú ara rẹ̀ lọ́mú. Owó ààfin ni wọ́n fi tọ́ ọmọ náà! Ṣùgbọ́n owó yẹn kì bá má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bí kò bá sí ti ọmọ rẹ̀ obìnrin tó dúró létí odò, tó ń ṣọ́ ohun tó ń lọ, tó sì la ẹnu rẹ̀ nígbà tó yẹ.

Kí ojú má ti ẹnikẹ́ni. Èyí kì í ṣe sàráà. Gowon Estate yìí gan-an, ìjọba àpapọ̀ ló kọ́ ọ ní àwọn ọdún 1970, orúkọ Ọ̀gágun Yakubu Gowon, tó ṣe olórí orílẹ̀-èdè yìí láti 1966 sí 1975, ni wọ́n sì fi pè é. Ọ̀pọ̀ àgbà láàrin wa ló jẹ nínú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìíní 1955, tàbí èyí tí Alhaji Lateef Jakande gbé kalẹ̀ ní Èkó lẹ́yìn tó di gómìnà ní 1979. Owó orí tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù wa wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe irú nǹkan wọ̀nyí. Ẹni tó bá ti dá owó kò gbọdọ̀ tijú láti jókòó jẹun.

Ẹ jẹ́ kí a wá mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkíní ni ìwé ìbí. Òfin 1992 sọ pé kí a kọ orúkọ gbogbo ọmọ tí a bá bí sílẹ̀. Àjọ National Population Commission ló ń ṣe iṣẹ́ náà, ọ̀fẹ́ sì ni fún ọmọ tuntun. Ẹ má dúró di ọjọ́ tí ọmọ fẹ́ wọ ilé ìwé kí ẹ tó máa sáré kiri. Ìwé yìí ni ìpìlẹ̀ àwọn tó kù.

Èkejì ni ìlera. Abẹ́rẹ́ àjẹsára jẹ́ ọ̀fẹ́ ní àwọn ilé ìtọ́jú ìlera ìjọba: nígbà tí a bá bí ọmọ, ní ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14, oṣù 9 àti oṣù 15. Ẹ pa káàdì náà mọ́ bí ẹ ti ń pa owó mọ́. Ètò ìlera Ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n ń pè ní Ìlera Èkó náà wà. Èyí kì í ṣe ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n owó kan tí ìdílé bá san lọ́dún lè bo bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Àìsàn ọmọ lóru kan lè jẹ owó tó ju ìyẹn lọ.

Ẹ̀kẹta ni ìsinmi ìbímọ. Òfin iṣẹ́ ti 1974, ní abala 54, kan obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba àti èyí tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aládàáni. Bí ó bá mú ìwé dókítà wá, ó lè kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ìbímọ. Kò sì gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn tó bá bímọ. Bí ó bá ti lo oṣù 6 níbẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ san ìlàjì owó rẹ̀ fún un, ó kéré tán. Nígbà tó bá padà, ó ní ẹ̀tọ́ sí ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Mélòó nínú àwọn ìyá wa ló ti béèrè ààbọ̀ wákàtí yìí rí? Ní 2014, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ obìnrin ní oṣù 6 pẹ̀lú owó pípé lórí ọmọ méjì àkọ́kọ́, wọ́n sì fún àwọn bàbá ní ọjọ́ 10. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ náà fọwọ́ sí ọjọ́ 14 fún àwọn bàbá tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin bàbá, ẹ gbà á, kí ẹ sì lò ó nílé. Kì í ṣe ọjọ́ ìgbafẹ́.

Ẹ̀kẹrin, tó sì tóbi jù, ni ilé ìwé. Òfin UBE ti 2004 sọ pé ọ̀fẹ́ àti dandan ni ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, ó sì ka ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọ kékeré mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní Èkó ló ní kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹni tó bá gba owó ilé ìwé lọ́wọ́ òbí ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ti rú òfin. Ìtanràn tó lè tó ₦10,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta ń bẹ níbẹ̀, tàbí méjèèjì. Aṣọ ilé ìwé àti bàtà ṣì wà lọ́rùn òbí, nítorí náà ẹ ṣírò wọn mọ́ ọn.

A mọ ohun tí ẹ ó sọ: "Àwọn ọmọ pọ̀ jù nínú kíláàsì, olùkọ́ kò tó." Ó rí bẹ́ẹ̀ níbòmíràn. Nítorí náà ẹ lọ wò ó fúnra yín kí ẹ tó pinnu, kí ẹ sì máa lọ sí ìpàdé òbí àti olùkọ́. Kò sí ohun tó burú nínú ilé ìwé aládàáni bí agbára bá ká a. Ṣùgbọ́n kí a máa yá owó èlé san owó jẹ́lé-ó-sinmi nítorí ohun tí aládùúgbò yóò sọ, ìyẹn kò tọ́. Ọmọ tí ẹ tìtorí rẹ̀ jẹ gbèsè ni gbèsè náà yóò kọ́kọ́ fi ebi pa.

Bí ẹ bá rò pé ní Nàìjíríà nìkan ni ìwé àti àsìkò ti ṣe pàtàkì, ẹ bi àwọn ọmọ yín tó wà ní ìlú Ọba. Ní England, láti oṣù kẹsàn-án 2025, òbí tó ń ṣiṣẹ́, tí owó rẹ̀ bá ìlànà mu, lè gba wákàtí 30 ìtọ́jú ọmọ lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 38 lọ́dún, láti ìgbà tí ọmọ bá ti pé oṣù 9. Síbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ̀wé béèrè kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì máa fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ẹni tó bá pẹ́ yóò dúró de sáà mìíràn. Ẹni tí físà rẹ̀ kò jẹ́ kí ó gba owó ìjọba kò lè rí gbogbo rẹ̀ gbà, ṣùgbọ́n wákàtí 15 tó wà fún gbogbo ọmọ ọdún 3 àti 4 kò yọ ọmọ tirẹ̀ sílẹ̀.

Ohun kan ṣì kù. Ilé ìwé ìjọba a máa jáde ní ọ̀sán, ìyá kò sì tíì dé. Ibí ni ó ti yẹ kí a ran ara wa lọ́wọ́. Ìdílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó sún mọ́ra ní estate lè pawọ́ pọ̀, kí wọ́n san owó fún ìyá kan tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé tó wà nílé. Ìjọ náà lè ṣí yàrá kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ títí di ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú àgbàlagbà méjì, kì í ṣe ẹyọ kan, tí yóò máa mójú tó wọn.

Owó tí ẹ bá sì rí fi pa mọ́, ẹ má jẹ́ kí ó wọ inú aṣọ ẹbí. Ẹ kó o sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní orúkọ ọmọ náà. Iṣẹ́ ilé yín lọ́sẹ̀ yìí nìyí: ẹ wá ìwé ìbí ọmọ àti káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀, kí ẹ kó wọn sínú fáìlì kan. Èyí tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ lọ gbà á kí oṣù yìí tó parí. Olúwa yóò dá àwọn ọmọ wa sí fún wa.