Òṣèré Kì í Ṣe Ayékòótọ́

Ó ti pẹ́ tí a ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa pé orí àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò gba nǹkan mọ́. Wọ́n ní fóònù ti jẹ ẹ́ tán. Wọ́n ní bí a bá fún ọmọ ní ojú ìwé kan ṣoṣo kí ó há a sórí, ìdajì rẹ̀ ni yóò gbé padà wá ní ọjọ́ kẹta. Àwa kò jẹ́ gba ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀bi náà kò sí lórí ọmọ. Ó wà lọ́rùn ẹni tí ó kọ́ ọ bí a ti ń há nǹkan sórí, àwa pàápàá kò sì yọ ara wa sílẹ̀ nínú ẹ̀bi yìí.

Ìbà Housing Estate ni a ń gbé, ọ̀kan nínú àwọn ibùgbé tí a mọ̀ mọ́ orúkọ Alhaji Lateef Jakande, ẹni tí ó ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1979 títí di 1983. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 1983, wà ní Ọ̀jọ́ nítòsí wa, ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé náà ni ó sì gba yàrá ní àdúgbò wa àti ní Òkòkòmáíkò. A ń kọ́ eré orí ìtàgé níbẹ̀. Nítorí náà ni àwọn ọ̀dọ́ fi ń kan ilẹ̀kùn wa ní ìrọ̀lẹ́ pé, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ mi,” nígbà tí wọ́n bá fẹ́ lọ sí ìdánwò tí a fi ń yan òṣèré, èyí tí wọ́n ń pè ní ọ́díṣọ̀n.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan wá bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ti ń kọ́ àkọ́sórí lọ́dọ̀ wa ní ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi láti ìgbà tí ó ti wà ní kékeré. Ó ti jókòó ti ìwé rẹ̀ láti ago mẹ́sàn-án alẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò ń dún, òun náà ń dún. Ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún wa ní òwúrọ̀ láìṣìnà. A yìn ín, a sì gbàdúrà fún un. Nígbà tí ó dé iwájú àwọn tí ń yan òṣèré, wọ́n jẹ́ kí ó sọ gbólóhùn mẹ́ta péré, wọ́n sì dá a dúró. Wọ́n gbé àga kan fún un, wọ́n ní kí ó jókòó, kí ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan náà bí ẹni tí ń bá onígbèsè rẹ̀ sọ̀rọ̀. Gbogbo rẹ̀ pòórá. Ẹkún ni ó fi ròyìn rẹ̀ fún wa. Láti ọmọ ọdún mẹ́fà ni a ti kọ́ ọ pé kí ó dúró gbọnin, kí ó kó ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀yìn, kí ó tẹ ojú mọ́ àjà ilé Ọlọ́run, kí ó sì jẹ́ kí ẹsẹ Bíbélì náà máa ṣàn bí omi. Bí ó ti gba ti Bíbélì ni ó gba ti eré. Kò mọ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀, àwa kò sì bi í rí.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn tí ó wádìí ọ̀rọ̀ yìí rí. Ní ọdún 1885, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, tẹ ìwé kan jáde lórí ìdánwò tí ó fi ara rẹ̀ ṣe. Àwọn ègé ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ rárá ni ó ń há sórí. Ó rí i pé àtúnkà 38 tí a pín sí ọjọ́ mẹ́ta ṣe é ní àǹfààní bákan náà pẹ̀lú àtúnkà 68 tí a kó jọ sí ọjọ́ kan. Ó tún rí i pé ewì tí ó ní ìtumọ̀ kò gbà ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá wàhálà tí àwọn ègé ọ̀rọ̀ wọ̀nyí gbà. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ gbé èyí yẹ̀ wò. Olùkọ́ tí ó bá wí fún ọmọ pé, “Há a sórí ná, ìtumọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn,” ó ti sọ ẹrù ọmọ náà di ìlọ́po mẹ́wàá, kí ó tó tún wá gbé pàṣán lé e lórí.

Ní 2006, Roediger àti Karpicke ní Amẹ́ríkà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé láti kà. Àwọn kan tún un kà. Àwọn mìíràn pa ìwé dé, wọ́n sì gbìyànjú láti pe ohun tí wọ́n kà jáde láti orí wọn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tí ó tún un kà ni ó ṣe dáadáa jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tí ó pa ìwé dé ti fi wọ́n sílẹ̀ sẹ́yìn. Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ yìí gan-an ni ó ti ń tan àwọn ọmọ wa jẹ. Ó dùn lẹ́nu wọn ní òru, wọ́n rò pé ó ti wọlé. Helga àti Tony Noice, tí wọ́n fi ọdún púpọ̀ wádìí iṣẹ́ àwọn òṣèré ní Amẹ́ríkà kan náà, rí i pé àwọn àgbà òṣèré kì í fi àkàtúnkà bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bi ara wọn ni pé: kí ni ẹni yìí ń fẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀, kí ni ó sì mú un lo ọ̀rọ̀ yìí dípò òmíràn? Wọ́n tún rí i pé ọ̀rọ̀ tí a sọ pẹ̀lú ìrìn àti ìṣípòpadà a máa dúró ju èyí tí a sọ lórí ìjókòó lọ.

Ẹlòmíràn yóò dá wa lóhùn pé, “Ìgbà wo ni àwọn Ogunde kọ́ ọ̀rọ̀ sórí?” Ìbéèrè náà tọ́. Nígbà tí Hubert Ogunde gbé eré ọgbà Édẹ́nì jáde ní gbọ̀ngàn Glover ní Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 1944, orin ni ó gbé eré náà ró. Nínú àwọn ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò tí ó dìde lẹ́yìn rẹ̀, òṣèré a máa mọ ìlà ìtàn, ẹnu rẹ̀ a sì máa wá ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ lórí ìtàgé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹnìkan nínú wọn ṣi orin kọ, kí ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀! Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí a fún ní ọ̀rọ̀ inú Ọba Kò So, tí Dúró Ládípọ̀ gbé jáde ní 1963, kò ní àyè láti fi tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀, nítorí oríkì ni púpọ̀ nínú rẹ̀, oríkì kò sì gba àfidípò. (Inú wa a máa dùn láti rántí pé ọmọ irú òṣìṣẹ́ ìjọ bí àwa ni Dúró Ládípọ̀, bàbá rẹ̀ ń kọ́ni ní Katikísímù ní ìjọ Áńgílíkà.)

Ohun kan wà tí àwọn ọ̀mọ̀wé òkè òkun kò lè sọ fún wa, èyí ni ọ̀rọ̀ ohùn. Ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀ kì í ṣe ohun kan náà, síbẹ̀ ìwé eré tí a ń fún àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í sábà ní àmì kankan lórí. Ọmọ a há a sórí bí ó ti rò ó, àṣìṣe tí a bá sì há sórí a máa ṣòro láti tú ju òfìfo lọ. A gbọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń fi ohùn kíkan sọ pé òun yóò gun ọkọ́ lọ sí Ìbàdàn. A kò mọ bí ó ti rò pé irin oko náà yóò gbé òun dé ọ̀hún.

Bí a bá sì fẹ́ wo ilé tiwa, ẹ wo àwọn babaláwo. A kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ dá Ifá, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni òtítọ́. Odù 256 ni, ẹsẹ tí ó wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sì pọ̀. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní òru kan. Ọmọ awo a máa gba díẹ̀, a sì máa pè é padà níwájú ọ̀gá rẹ̀, a ó tún ibi tí ó kù ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni fún ọdún púpọ̀. Ẹsẹ kọ̀ọ̀kan sì ní ìtàn nínú: ẹnìkan wá dífá, ohun kan ń dà á láàmú. Ìtàn yìí ni orí ń rí dì mú.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́, bí ìdánwò bá ku ọjọ́ mẹ́wàá ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹ ka gbogbo eré náà tán, kì í ṣe ipa tiyín nìkan. Ẹ fi àmì ohùn sí i, kí ẹ sì mú un tọ àgbàlagbà lọ. Ní ẹ̀gbẹ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tí ẹni náà ń ṣe: ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń halẹ̀, ó ń fi nǹkan pamọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ pa ìwé dé. Ibi tí ó bá gé, ẹ má ṣe sáré ṣí i; ẹ kọ́kọ́ wá a nínú orí yín. Ẹ so ìparí ọ̀rọ̀ ẹnìkejì mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tiyín, nítorí oríta yìí ni ìgbàgbé máa ń ba sí. Fóònù tí wọ́n ń bú yìí wúlò níhìn-ín: ẹ gba ohùn ẹnìkejì sínú rẹ̀, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ìdáhùn tiyín, kí ẹ sì máa bá a sọ ọ́ bí ẹ ti ń rìn láti Estate lọ sí Ìyànà-Ìbà. Láyé àtijọ́, wèrè ni a ó pe ẹni tí ń dá sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Lóde òní, wọn yóò rò pé oníṣòwò ni. Ní alẹ́ tí ó ṣáájú ìdánwò, ẹ sùn. Oorun a máa mú ohun tí a kọ́ fìdí múlẹ̀, àìsùn kì í sì í gbé ohunkóhun wọlé tí kò ní kó òmíràn jáde.

Bí ó bá sì jẹ́ pé níbẹ̀ gan-an ni wọ́n ti fún yín ní ìwé, ẹ má gbìyànjú àtihá a sórí. Ẹ mọ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀, kí ẹ mú gbólóhùn àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn dání, kí ẹ sì gbé ojú sókè.

Olùkọ́ kan tí a sọ ọ̀rọ̀ yìí fún rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré ni, kò kan ilé ìjọsìn. Ní Ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, a kò jẹ́ kí àwọn ọmọ wa dúró ní ìlà. A fún wọn ní ìtàn Nátánì àti Dáfídì, a sì ní kí olúkúlùkù mú ẹnìkan tí yóò bá sọ ọ́. Ọmọdébìnrin kan gbé ọwọ́ sókè, ó bi wá bóyá Dáfídì wà lórí ìjókòó nígbà tí Nátánì ń sọ̀rọ̀, tàbí ó dúró. A wí fún un pé Bíbélì kò sọ, kí ó yàn fúnra rẹ̀. Ó mú Dáfídì jókòó. Nígbà tí Nátánì dé ibi tí ọlọ́rọ̀ ti gba ọ̀dọ́ àgùntàn tálákà, ọmọ tí ń ṣe Dáfídì fò dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un.